Àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Ogun Kírìjì: Ohun Tí Wọ́n Wá àti Ohun Tí Wọ́n Rí

Nínú gbogbo ogun tí àwọn ọmọ Yorùbá bá ara wọn jà, díẹ̀ ni ó pẹ́ tó ogun tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1877, tí kò sì parí títí di ọdún 1893. Ọdún mẹ́rìndínlógún gbáko ni. Ọmọ tí a bí ní ọdún tí a kọ́kọ́ yìnbọn ti di ẹni tí ó lè gbé ìbọn kí ogun náà tó tán. Nígbà tí ó sì tán, ọwọ́ Ìbàdàn kọ́ ni ìṣẹ́gun bọ́ sí, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọwọ́ Èkìtìparapọ̀. Àlejò kan tí ó ti òkè òkun wá, tí kò ní oko ní ààlà àwọn méjèèjì, ni ó jókòó sórí àga onídàájọ́, kò sì dìde kúrò níbẹ̀ títí di ọdún 1960.

Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀wò nínú ọ̀rọ̀ yìí ni èyí: kí ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń wá nínú ogun tí kì í ṣe tiwọn? Kí ni ó mú kí wọ́n jókòó máa wò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí ni ó sì mú kí wọ́n dìde? Àwọn kan a máa wí pé àánú ni ó mú wọn wá. Àwọn mìíràn a ní ojúkòkòrò ni, kò sì sí ohun mìíràn lẹ́yìn rẹ̀. A kò rò pé ọ̀kan nínú ìdáhùn méjèèjì yìí tó. Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Ẹ jẹ́ kí a wá ìdí ọ̀ràn náà ní ẹsẹẹsẹ.

I. BÍ OGUN NÁÀ TI BẸ̀RẸ̀

A kò lè mọ ohun tí àlejò ń wá nínú ìjà bí a kò bá kọ́kọ́ mọ ohun tí àwọn onílé fi ń jà. Lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́ Ilé ti tú, àwọn ọmọ ogun tí ó tẹ̀dó sí Ìbàdàn ni ó di odi fún gbogbo ilẹ̀ Ọ̀yọ́. Àwọn ni ó dá ogun Ìlọrin padà ní Òṣogbo ní nǹkan bí ọdún 1840, gbogbo ènìyàn sì yìn wọ́n. Ṣùgbọ́n agbára tí ó gba ni lọ́wọ́ ọ̀tá lónìí lè di àjàgà lọ́rùn ẹni lọ́la. Ìbàdàn ṣẹ́gun ọ̀pọ̀ ìlú ní Ìjẹ̀ṣà, ní Èkìtì àti ní Àkókó. Wọ́n kó Iléṣà ní ọdún 1870. Wọ́n fi ajẹ́lẹ̀ sí àwọn ìlú láti máa gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Àwọn ajẹ́lẹ̀ wọ̀nyí àti àwọn ìránṣẹ́ wọn kò mọ ìwọ̀n ara wọn. Wọ́n ń gbà ju ohun tí a rán wọn lọ. Wọ́n ń fi ọwọ́ kan aya oníyàwó àti ọmọ ọlọ́mọ. Ẹni tí ó bá sì fọhùn lè di ẹrú.

Ní ọdún 1877, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò Mọ́mọ́ Látòósà rán àwọn ènìyàn lọ sí Àjàṣẹ́ ní etí òkun láti ra ẹ̀tù. Àwọn Ẹ̀gbá dá wọn lọ́nà, Ìbàdàn sì wọ oko Ẹ̀gbá láti gbẹ̀san. Kò pẹ́ tí Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú fi di ọ̀nà etí òkun mọ́ Ìbàdàn. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, Fábùnmi, ọmọ ọba ní Òkè-Ìmẹ̀sí, pa ajẹ́lẹ̀ tí ó wà ní ìlú rẹ̀, àwọn ìlú mìíràn sì ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́. Ìbẹ̀rẹ̀ Èkìtìparapọ̀ nìyí. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá, 1878, Ìbàdàn ṣẹ́gun wọn àti Ìlọrin tí ó dúró tì wọ́n ní Ìkirun, nínú ìjà tí a ń pè ní Jálumi, nítorí pé ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ń sá ni ó já sí odò. Ṣùgbọ́n Èkìtìparapọ̀ kò tú. Wọ́n fi Ògèdèǹgbé Iléṣà ṣe olórí ogun, wọ́n sì gun òkè lọ ní ìhà Ìmẹ̀sí-Ilé. Ìbàdàn dúró ní ìhà Ìgbájọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọjú sí ara wọn fún ọdún mẹ́fà àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ibùdó di ìlú: a kọ́ ilé amọ̀, a ná ọjà, a bí ọmọ, a sì sin òkú. Àwọn àgbà ní ìró ìbọn tí ó ń dún láti òkè dé òkè ni a fi sọ ogun náà ní Kírìjì.

Kí a kíyè sí i pé kì í ṣe ìjà ènìyàn méjì mọ́. Èkìtìparapọ̀ wà ní iwájú Ìbàdàn, Ìlọrin wà ní ẹ̀gbẹ́, Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú wà ní ẹ̀yìn. Nígbà tí ó yá, Ifẹ̀ pẹ̀lú dìde sí Ìbàdàn, nítorí ọ̀ràn Mọdákẹ́kẹ́. Ojú ogun márùn-ún ni Ìbàdàn ń jà, ọ̀nà iyọ̀ àti ẹ̀tù rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ àwọn tí ó ń bá a jà.

II. OHUN TÍ ÈKÓ Ń WÁ

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti wà ní Èkó kí ogun yìí tó bẹ̀rẹ̀. Ó yẹ kí a rántí ọ̀nà tí wọ́n gbà wọ ibẹ̀. Akítóyè àti Kòsọ́kọ́, tí í ṣe ọmọ ilé ọba kan náà, ń du oyè. Akítóyè ké pe àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ṣe ìlérí pé òun yóò fi òpin sí òwò ẹrú. Ní oṣù Kejìlá, 1851, àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó. Kòsọ́kọ́ sá, Akítóyè sì padà sórí oyè. Kò pé ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ, 1861, tí Dòsùmú ọmọ Akítóyè fi ọwọ́ sí ìwé tí ó fi Èkó fún Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí ọkọ̀ ogun wà lójú omi níwájú ààfin rẹ̀. Ẹni tí baba pè wá ṣe ìrànlọ́wọ́ ni ó gba ilé lọ́wọ́ ọmọ. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kì í ráyè wọ̀ ọ́.

Ohun mẹ́ta ni Ìjọba Èkó ń wá ní òkè.

Ìkíní ni ọ̀nà. Èkó kì í ṣe ìlú oko. Ọjà ni ó ń jẹ. Epo pupa, èkùrọ́ àti òwú ń ti òkè wá. Aṣọ, iyọ̀, tábà, ọtí líle, ìbọn àti ẹ̀tù ń ti òkun wọlé. Owó ibodè tí a ń san lórí ọjà tí ó ti òkun wá, pàápàá jù lọ lórí ọtí líle, ni ó pọ̀ jù nínú owó tí Ìjọba fi ń san owó òṣìṣẹ́ àti ti ọmọ ogun. Nítorí náà, ní ọjọ́ tí Ìjẹ̀bú tàbí Ẹ̀gbá bá di ọ̀nà, kì í ṣe Ìbàdàn nìkan ni ọwọ́n bá. Àpótí Ìjọba Èkó pẹ̀lú ń gbẹ, àwọn oníṣòwò, òyìnbó àti ènìyàn dúdú, a sì máa ráhùn lọ sí ọ̀dọ̀ Gómìnà.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀ràn náà láti ìhà kejì. Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá ni alárinà láàárín òkè àti òkun. Èrè wọn dúró lórí pé kí ará òkè má ṣe bá ará Èkó pàdé lójúkojú. Bí Gómìnà bá wí pé òun fẹ́ kí ọ̀nà ṣí fún gbogbo ènìyàn, ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ó sì tọ́ lójú ẹni tí iyọ̀ wọ́n fún. Lójú Ìjẹ̀bú, bí ẹni ń sọ pé kí wọ́n fi oúnjẹ wọn sílẹ̀ ni. Ohun tí ẹnì kan pè ní òmìnira òwò ni ẹlòmíràn pè ní ìparun ilé rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì máa ń rí níbikíbi tí àlejò bá ń bẹ̀bẹ̀ fún ọ̀nà ní ilẹ̀ onílẹ̀.

Ìkejì ni ọ̀ràn ẹrú. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ti ṣe òwò ẹrú fún ìgbà pípẹ́, wọ́n sì ti fi òfin dá a dúró fún àwọn ènìyàn wọn ní ọdún 1807. Kì í ṣe irọ́ pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kórìíra ogun ìkónilẹ́rú tọkàntọkàn. Ẹrú tí ó bá sì sá dé ilẹ̀ Èkó, òmìnira ni ó ń bá pàdé níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan tún wà nínú rẹ̀: nínú àwọn Haúsá tí ó sá kúrò lọ́wọ́ olówó wọn ni Glover, tí ó ṣe olórí Ìjọba Èkó títí di ọdún 1872, ti yan ọmọ ogun Èkó. Ẹ fojú inú wo ìjòyè Ẹ̀gbá tàbí ti Ìjẹ̀bú tí ẹrú rẹ̀ sá lọ, tí ó sì wá rí i nínú aṣọ ogun Ìjọba, pẹ̀lú ìbọn ní èjìká! Bí ó ti wù kí ẹ̀tọ́ ẹrú náà sí òmìnira ti dájú tó, a lè mọ ìdí tí ìjòyè náà kò fi gba ọ̀rọ̀ Gómìnà gbọ́ nígbà tí ó ní àlàáfíà nìkan ni òun ń wá.

Ìkẹta ni pé kí òyìnbó mìíràn má ṣe wọ òkè Èkó. Ní ìbẹ̀rẹ̀, èyí ni ó kéré jù nínú ohun mẹ́ta náà. Ìkẹyìn rẹ̀ ni ó wá borí gbogbo wọn, gẹ́gẹ́ bí a ó ti rí i.

III. ÌDÍ TÍ WỌ́N FI ṢE SÙÚRÙ

Bí ọ̀nà bá ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀ fún Èkó, kí ni ṣe tí Ìjọba kò rán ọmọ ogun lọ ṣí i láti ìbẹ̀rẹ̀? Ìdáhùn rẹ̀ kò le: Lọ́ńdọ̀nù fẹ́ èrè, kò sì fẹ́ ìnáwó. Ní ọdún 1865, nígbà tí Glover ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọmọ ogun lé àwọn Ẹ̀gbá kúrò lẹ́yìn odi Ìkòròdú, ìgbìmọ̀ kan ní ilé aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì jókòó lórí ọ̀ràn ilẹ̀ wọn ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ó sì dámọ̀ràn pé kí a má ṣe fi ilẹ̀ kún ilẹ̀ mọ́. Láti ọdún 1866 a fi Èkó sí abẹ́ Sàró, láti 1874 a fi í sí abẹ́ Gold Coast. Ọ̀gá tí ó jókòó sí Accra ni ó ń ṣe ìdájọ́ ọ̀ràn ọ̀nà Ìbàdàn. Èyí tí ó bá wà ní Èkó a kọ̀wé, a rán ońṣẹ́, a fi ẹ̀bùn ránṣẹ́ sí àwọn ọba, a sì bẹ̀ wọ́n. Bí ó bá fẹ́ ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn tí ó wà lókè rẹ̀ a dá a lọ́wọ́ kọ́.

Ní ọdún 1881, Aláàfin Adéyẹmí Kìíní kọ̀wé sí Ìjọba Èkó láti bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n wá bá a fi òpin sí ogun náà. Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbí, nítorí ìwé yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fojú fò nínú ìtàn náà. Aláàfin ní orúkọ ńlá, ṣùgbọ́n kò ní ọmọ ogun tí ó lè fi pa á láṣẹ fún Ìbàdàn pé kí ó padà sílé. Ìjòyè rẹ̀ ni Kakaǹfò í ṣe lójú oyè. Lójú agbára, ta ni ó lè bá Kakaǹfò wí? Bí kò bá sí àgbà nínú ilé tí gbogbo ọmọ ń bẹ̀rù, ẹnìkan a wá àgbà lọ sí ìta. Aláàfin nìkan kọ́ ni ó sì ṣe bẹ́ẹ̀. Ìbàdàn fẹ́ kí Gómìnà ṣí ọ̀nà Ìjẹ̀bú fún òun. Èkìtìparapọ̀ fẹ́ kí ó dá òmìnira wọn mọ̀. Ẹni kọ̀ọ̀kan rò pé òun lè fi ọwọ́ àlejò yọ ẹ̀gún ẹsẹ̀ tirẹ̀. Ìdáhùn tí wọ́n rí gbà ní ọdún wọ̀nyẹn jẹ́ ọ̀rọ̀ rere tí kò ní ọwọ́ nínú.

Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ rò pé nítorí Ìjọba Èkó kò rán ọmọ ogun, Èkó kò sí nínú ogun náà. Etí òkun ni ẹ̀tù àti ìbọn ti ń wá. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tí a ti kó lẹ́rú rí, tí wọ́n ti Sàró padà sí Èkó, dá ẹgbẹ́ Èkìtìparapọ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n ṣa owó jọ, wọ́n sì fi ìbọn tí a ń ti ìdí kì ránṣẹ́ sí àwọn ará ilé nípa ọ̀nà Oǹdó, tí Glover fúnra rẹ̀ ti ṣe aápọn láti ṣí. Ìbọn ṣakabùlà ni Ìbàdàn ń lò, tí a ń ti ẹnu kì. Kí ẹni tí ó mú un tó kì í lẹ́ẹ̀kan, ẹni tí ó mú ìbọn tuntun ti yìn tirẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ọta rẹ̀ sì ń lọ jìnnà. Nígbà tí Ìbàdàn rí irú rẹ̀ rà, ọ̀ràn ti pẹ́. Kì í ṣe Gómìnà ni ó ta àwọn ìbọn náà. Ọjà ni wọ́n, oníṣòwò ni ó sì tà wọ́n. Síbẹ̀, ibodè Ìjọba ni ọjà òkun ń gbà kọjá. Ọwọ́ kan ń kọ ìwé àlàáfíà, èkejì ń gba owó ẹ̀tù.

IV. ÌWÉ ÀDÉHÙN TI 1886

Ní ọdún 1885, Látòósà kú ní ibùdó. Ní oṣù Kìíní, 1886, a ya Èkó kúrò lára Gold Coast, Alfred Moloney sì di Gómìnà rẹ̀. Ogun ti sú àwọn tí ó ń jà á. Àlùfáà òyìnbó kan ti ìjọ C.M.S., J. B. Wood, ti lọ sí àwọn ibùdó náà ní 1884 àti 1885 láti bẹ̀ wọ́n, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì ṣubú sílẹ̀ lásán. Moloney wá yan àwọn àlùfáà méjì tí í ṣe ọmọ Yorùbá, Samuel Johnson àti Charles Phillips. A rán Johnson sí Aláàfin àti sí Ìbàdàn. A rán Phillips sí Èkìtìparapọ̀. Johnson yìí náà ni ó kọ ìwé ńlá lórí ìtàn àwọn Yorùbá, tí àbúrò rẹ̀, Obadiah Johnson, mú jáde ní ọdún 1921 lẹ́yìn ikú rẹ̀.

Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà, 1886, a ṣe ìwé àdéhùn. Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀ yóò wà lómìnira kúrò lọ́wọ́ ara wọn. Ọ̀tan, Ìrèsì, Àdá àti Ìgbájọ yóò wà lọ́dọ̀ Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni nínú wọn tí ó bá fẹ́ lè kó lọ. Mọdákẹ́kẹ́ yóò kúrò ní ilẹ̀ Ifẹ̀, yóò sì tẹ̀dó sí àárín odò Ọ̀ṣun àti odò Ọbà. Bí ìjà bá tún dé, Gómìnà Èkó ni a ó gbé e lọ bá, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni yóò sì jẹ́ abẹ́ gé e. Ní oṣù Kẹsàn-án, àwọn aṣojú Gómìnà, Henry Higgins àti Oliver Smith, dé ojú ogun. Ogun méjèèjì kó kúrò ní Kírìjì, iná sì jó ibùdó tí a ti ń gbé fún ọdún mẹ́fà.

Bí a bá ka àdéhùn náà, ohun tí àwọn ènìyàn jà fún ni ojú wa kọ́kọ́ ń lọ bá: òmìnira Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà. Ìyẹn tóbi, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fojú kéré rẹ̀. Ṣùgbọ́n gbólóhùn tí ó kẹ́yìn, èyí tí ó fi Gómìnà ṣe onídàájọ́ títí láé, ni ó ní gbòǹgbò jù. Àwọn òyìnbó kò tíì yìnbọn kan ní òkè. Owó tí wọ́n ná kò pọ̀. Ìjòyè àti ọba ni ó fi ọwọ́ ara wọn sí ìwé pé ẹlòmíràn ni yóò máa dá ẹjọ́ wọn.

V. NÍGBÀ TÍ FARANSÉ YỌ LẸ́YÌN ILÉ

Àlàáfíà 1886 kò dé ibi gbogbo. Ìlọrin kò sí nínú rẹ̀. Ọ̀fà ni òun àti Ìbàdàn ti ń fa ìjà wọn lọ. Mọdákẹ́kẹ́ kọ̀, kò ṣí. Ọ̀nà Ìjẹ̀bú ń ṣí, ó sì tún ń dí. Bí kò bá jẹ́ pé ohun mìíràn ṣẹlẹ̀, ó ṣeé ṣe kí Èkó tún máa kọ̀wé fún ọdún mẹ́wàá mìíràn.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé ìjà pínpín Áfíríkà ti dé. Àwọn Jámánì ti gba Tógò àti Kamẹrúùnù ní ọdún 1884. Àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù jókòó ní ìlú Berlin ní 1884 sí 1885. Faransé ti padà fi ẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Àjàṣẹ́. Ní ọdún 1888, Faransé kan tí ń jẹ́ Viard dé Abẹ́òkúta, ó bá àwọn Ẹ̀gbá ṣe ìwé àdéhùn, ọ̀rọ̀ ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin láti Àjàṣẹ́ sí Abẹ́òkúta sì wà nínú rẹ̀. Ìjọba Faransé kò fi òǹtẹ̀ lu ìwé náà, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ti ba Èkó. Bí epo Ẹ̀gbá àti òwú Ìbàdàn bá yà sí Àjàṣẹ́, kí ni yóò kù fún ibodè Èkó?

Kíá ni Moloney rán ìwé lọ sí Ọ̀yọ́. Ní ọjọ́ 23 oṣù Keje, 1888, Aláàfin fi ọwọ́ sí i, ó sì ṣe ìlérí pé òun kì yóò fi ilẹ̀ fún alágbára mìíràn láìjẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì mọ̀ sí i. Nínú ìwé náà, a pe Aláàfin ní olórí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, a sì ka Ẹ̀gbá, Kétu, Ìjẹ̀bú àti Ọ̀yọ́ sí igun mẹ́rin rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí yani lẹ́nu. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì mọ̀ dájú pé ìdí tí Aláàfin fi kọ̀wé sí wọn ní 1881 ni pé kò lè pàṣẹ fún Ìbàdàn, áńbọ̀sì Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó di pé a ó fi ìwé han Faransé, ó ṣe wọ́n láǹfààní kí Aláàfin jẹ́ ọba lórí gbogbo wọn. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ, 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fa ààlà láàárín ara wọn. Kétu àti Àjàṣẹ́ bọ́ sí ọwọ́ Faransé, àwọn tí ó kù sí ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹnikẹ́ni kò bi àwọn ará Kétu léèrè ibi tí wọ́n fẹ́ wà.

VI. ÌBỌN DÉ, Ọ̀NÀ ṢÍ

Láti ìgbà náà lọ, sùúrù Èkó tán. Ní oṣù Karùn-ún, 1891, Denton, tí ó ń ṣe adelé Gómìnà, lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde. Awùjalẹ̀ kò gba ẹ̀bùn rẹ̀, kò sì gbà láti ṣí ọ̀nà. Èkó ní àrífín ni. Ní oṣù Kìíní, 1892, àwọn aṣojú Awùjalẹ̀ bá Gómìnà Gilbert Carter ṣe ìpinnu ní Èkó pé ọ̀nà yóò ṣí, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí Ìjọba fi sọ pé Ìjẹ̀bú kò mú ọ̀rọ̀ wọn ṣẹ. Ní oṣù Karùn-ún, ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gòkè láti Ẹ̀pẹ́, pẹ̀lú àgbá àti ìbọn Maxim tí ń tu ọta bí òjò. Ìjẹ̀bú jà bí ọkùnrin ní Ìmàgbọ̀n ní ọjọ́ 19. Ní ọjọ́ kejì rẹ̀, àwọn Gẹ̀ẹ́sì wọ Ìjẹ̀bú-Òde.

Ariwo ìbọn náà dé gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, ó sì ṣe iṣẹ́ tí ìwé ọdún mẹ́wàá kò lè ṣe. Ní oṣù Kìíní, 1893, Carter gbéra ní Èkó. Ní ọjọ́ 18 oṣù náà, Ẹ̀gbá bá a ṣe àdéhùn tí ó dá òmìnira wọn mọ̀. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejì, Aláàfin ṣe tirẹ̀. Carter lọ sí Ìlọrin, ó sì lọ sí ojú ogun. Ní oṣù Kẹta, Ìbàdàn àti Ìlọrin tú ibùdó wọn. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ, Ìbàdàn gbà kí aṣojú Ìjọba máa gbé ní ìlú wọn. Ọ̀gágun Bower ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó wá. Bẹ́ẹ̀ ni ogun ọdún mẹ́rìndínlógún ṣe tán.

VII. KÍ NI KÍ A SỌ SÍ I?

Àwọn àgbà ní onílàjà ní í fi orí gbọgbẹ́. Nínú ọ̀ràn yìí, onílàjà kò gba ọgbẹ́ púpọ̀. Ilé ni ó gbà. Ìbàdàn, tí ó ń fi ajẹ́lẹ̀ sí ìlú ènìyàn, gba ajẹ́lẹ̀ sí ìlú tirẹ̀ ní 1893. Ní ọdún 1894, Bower mú Ògèdèǹgbé, ẹni tí ó gba òmìnira fún Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà lọ́wọ́ Ìbàdàn, ó sì gbé e kúrò ní ìlú rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá, 1895, ó yìn àgbá lu Ọ̀yọ́, ìlú Aláàfin Adéyẹmí kan náà tí ó kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ ní 1881. Ìlọrin bọ́ sọ́wọ́ ẹgbẹ́ oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì, Royal Niger Company, ní 1897. Ní 1901, ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn láti Èkó, ọ̀nà tí a ti ń wá sì ṣí nígbẹ̀yìn. Ní 1909, Ìjọba mú ohun tí àdéhùn 1886 wí lórí Mọdákẹ́kẹ́ ṣẹ, a sì tú ìlú náà. Àwọn ènìyàn rẹ̀ padà wá nígbà tí ó yá. Ní 1914, òmìnira tí a kọ fún Ẹ̀gbá ní 1893 dópin.

Síbẹ̀, òtítọ́ kò yẹ kí ó ní apá kan ṣoṣo. Kì í ṣe àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni ó dá ogun náà sílẹ̀. Àwọn kọ́ ni ó rán ajẹ́lẹ̀ sí Òkè-Ìmẹ̀sí, àwọn kọ́ ni ó sì di ọ̀nà iyọ̀ mọ́ ará òkè. Lẹ́yìn 1893, obìnrin lè ti Ìbàdàn lọ sí Iléṣà láìbẹ̀rù pé a ó jí òun gbé lọ tà. Ẹni tí a gbà là lọ́wọ́ okùn ẹrú kì yóò wí pé àlàáfíà náà kò jẹ́ nǹkan, a kò sì ní ẹ̀tọ́ láti wí i fún un. Ohun tí a ń sọ ni pé àlàáfíà àti agbára wá papọ̀ nínú àpò kan, àti pé ẹni tí ó gbé àpò náà wá kò yára títí èrè tirẹ̀ fi wà nínú ewu. Ogun tí ó wà ní 1881 burú tó èyí tí ó wà ní 1892. Ìrora àwọn ènìyàn kò yí padà. Faransé ni ó yọ.

Nítorí náà, nígbàkígbà tí a bá gbọ́ pé orílẹ̀-èdè ńlá kan fẹ́ bá àwọn ará ilé kan parí ìjà, a dámọ̀ràn ìbéèrè mẹ́ta tí ìtàn Kírìjì kọ́ wa. Ọ̀nà wo ni ó ń wá, ta sì ni ó ń jẹun lójú ọ̀nà náà tẹ́lẹ̀? Ìbọn tí a fi ń jà, ibodè ta ni ó ń gbà kọjá? Bí ìjà bá tán, ta ni ìwé àdéhùn fi ṣe onídàájọ́, ọdún mélòó ni yóò sì fi jókòó? Ẹni tí ó bá rí ìdáhùn tí ó tẹ́ ẹ lọ́rùn sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè ṣí ilẹ̀kùn.

Ní ti àwọn ará ilé, ọ̀rọ̀ wa kò pọ̀. Ohun tí Ìbàdàn fi sílẹ̀ nínú ìwé 1886, òun ni Èkìtì béèrè láti 1878. Ọdún mẹ́jọ ni ó wà láàárín méjèèjì, pẹ̀lú ọ̀pọ̀ òkú lórí òkè Ìmẹ̀sí. Bí a bá ti fi í sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, ní ìjókòó àwọn ọba àti ìjòyè fúnra wọn, kò ní sí ìdí tí ẹnikẹ́ni yóò fi kọ̀wé sí Èkó.